Ẹ̀sùn: pákó tí mo bèèrè fún kọ́ ni ẹ gé fún mi

Tottenham, Lọ́ńdọ̀nù
Ọjọ́ 9, oṣù kẹfà, 2025

Sí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ń fi lésà gé pákó,

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ̀yin lẹ sọ lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ di ìjà láàárín èmi àti ọmọ iṣẹ́ yín, pé kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá, pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kà á. Mo ti kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó dá mi lóhùn.

Láti ọdún 2019 ni mo ti ń ra pákó lọ́wọ́ yín, a ò sì jà rí. Ní oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, mo fi àwòrán ránṣẹ́ pé kí ẹ bá mi gé pákó fún àwòkọ kékeré bàlúù Horsa tí mò ń kan. Ọmọ iṣẹ́ yín bi mí nígbà náà bóyá ọmọ mi ni mo fẹ́ fún ṣeré. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní rárá. Ó yẹ kí n ti ṣàlàyé fún un, torí ó jọ pé ọ̀rọ̀ ìṣeré ọmọdé yẹn ló wà lọ́kàn rẹ̀ títí tó fi ṣí ẹ̀rọ.

Horsa ni bàlúù onígi tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí àwọn ará Bìrìtìkó fi ń kó ọmọ ogun àti ẹrù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Bàlúù mìíràn ló ń fi okùn wọ́ ọ lọ sókè. Bí wọ́n bá sún mọ́ ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n á já okùn, òun á sì máa rọra sọ̀ kalẹ̀ nínú òkùnkùn láìsí ariwo. Mẹ́fà irú rẹ̀ ló gbé Méjọ̀ John Howard àtàwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ gba afárá méjì lẹ́bàá Caen, ní Faransé, ní òru tó mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù kẹfà 1944. Ohun tó fà mí mọ́ ọn ni pé níbí, ní Tottenham, ilé-iṣẹ́ Harris Lebus tó ń ṣe àga àti kọ́bọ́ọ̀dù wà lára àwọn tó kan án. Káfíńtà ni bàbá mi, ní Òṣogbo. Nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn tó ń kan kọ́bọ́ọ̀dù ló kan bàlúù ogun ní àdúgbò tí mò ń gbé, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi mọ́.

Tèmi jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ ti gidi. Apá Horsa gidi jẹ́ mítà 26.8 láti ìkángun kan dé èkejì. Tèmi jẹ́ 3.35, kò sì lè gba ẹnu ọ̀nà pálọ̀ wa wọlé àfi tí mo bá tú u. Kí n tó fa ìlà kan, mo wọ ọkọ̀ ojú omi láti Portsmouth lọ sí Ouistreham, mo lọ sí mùsíọ́mù tó wà ní Ranville, níbi tí wọ́n ti kan odindi Horsa kan fún ìrántí, mo sì fi ọ̀sán ọjọ́ kan gbáko ya fọ́tò ìdí apá àti ìdí ìrù rẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi ya á lórí kọ̀ǹpútà, ní alẹ́ tí n kò bá wa bọ́ọ̀sì. Ìrù rẹ̀ ṣeé yọ, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń yọ ti gidi kí mọ́tò jíìpù lè gba ẹ̀yìn jáde. Okùn tí wọ́n fi ń wọ́ ọ, orí méjì ló ní: ọ̀kan so mọ́ apá òsì, èkejì mọ́ apá ọ̀tún. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe tèmi. Ẹ fi ọkàn sí ibi okùn yẹn.

Balsa, igi tó fúyẹ́ gan-an, ni mo máa kọ́kọ́ sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ló dun mí jù. Ẹ mọ̀ jù mí lọ pé balsa kan lè wúwo tó ìlọ́po méjì òmíràn. Pákó 12 ni mo bèèrè fún, oní-mìlímítà 3, fífẹ̀ mìlímítà 100, gígùn mítà kan, mo sì kọ ọ́ pé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju gíráàmù 32 lọ, torí ìrù ni mo fẹ́ fi ṣe. Nígbà tó dé, mo gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n tí ìyàwó mi fi ń wọn fúláwà. Èyí tó fúyẹ́ jù jẹ́ 46. Èyí tó wúwo jù jẹ́ 57. Ìrù Horsa jìnnà sí apá, imú rẹ̀ kúrú. Gíráàmù 100 tó bá lé ní ìrù, àfi kí n fi òjé bíi gíráàmù 150 sí imú kó tó dúró déédéé, kò sì ní ẹ́ńjìnnì tó máa bá a gbé ẹrù yẹn. Mo pè yín. Ọmọ iṣẹ́ yín ní, “Balsa ni gbogbo ẹ̀.” Bí mo bá rán ọmọ pé kó lọ ra èlùbọ́ iṣu, tó ra láfún bọ̀, àmàlà náà la máa rò lóòótọ́, ṣùgbọ́n dúdú ni mo ní kó rà. Mo ra òmíràn níbòmíràn, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Èyí tí n kò lè gbé mì ni plywood, pákó tí wọ́n fi ìpele igi lẹ̀ mọ́ra ṣe. Fún ìdí apá méjèèjì, àti fún àwọn àwo pákó tí ìkọ́ okùn máa dúró lé, mo kọ “birch, mìlímítà 3” sórí àwòrán. Mo tún un kọ sínú ímeèlì. Ẹ̀yin náà kọ ọ́ sórí rìsíìtì yín, ó wà lọ́wọ́ mi. Poplar, igi tó rọ̀ ju birch lọ, lẹ gé fún mi.

Ẹ lè bèèrè pé báwo ni n kò ṣe mọ̀. Ojú pákó méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, etí lèèyàn fi ń dá wọn mọ̀: ti birch, ìpele rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju ara wọn lọ, gbogbo wọn ló sì le, ti poplar, èyí tó wà láàárín nípọn, ó sì rọ̀. Ṣùgbọ́n lésà máa ń jó etí pákó. Gbogbo ohun tí ẹ kó wá fún mi ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá, etí wọn dúdú bí ìdí ìkòkò, n kò lè rí ìpele kankan. Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀, n kò ní purọ́: ó yẹ kí n fi sánpépà pa etí ọ̀kan wò. Bàbá mi kì bá má gé etí pákó wò kó tó sanwó. Rìsíìtì ni mo gbẹ́kẹ̀ lé.

Ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún, a gbé e lọ sí pápá kan ní Essex. Kílò 9.2 ló wọ̀n. Bàlúù ọ̀rẹ́ mi kan ló wọ́ ọ. Ó sáré lórí koríko, ó gbéra, ó sì ń lọ geerege, kódà ẹnì kan ti ń pàtẹ́wọ́. Ó ti ga tó ilé alájà mẹ́rin nígbà tí mo gbọ́ “pọ́”. Ìkọ́ òsì ti fa àwo pákó rẹ̀ ya jáde. Okùn wá ń fa apá ọ̀tún nìkan: imú yí sí òsì, apá ọ̀tún lọ sókè, mo sì ń yí rìmóòtù lásán. Ọ̀rẹ́ mi já okùn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti bọ́. Apá òsì ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀, nínú oko ọkà báálì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ọkùnrin kan ń mú ajá rẹ̀ rìn lójú ọ̀nà ẹ̀bá oko yẹn. Ibi tó wà sí ibi tí bàlúù já sí, kò pé ogún ìṣísẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ nínú báálì, mo wá àwo pákó yẹn rí. Ibi tó ti ya funfun báláú. Mo wo ìpele rẹ̀: èyí àárín nípọn. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó sì wọ̀ ọ́.

Èsì tí ẹ fi ránṣẹ́ sọ pé birch tán, ẹ sì fi “èyí tó tó o” rọ́pò rẹ̀. Mo mọ̀ pé birch ti wọ́n láti ìgbà tí ti Rọ́ṣíà ò ti wọlé mọ́ nítorí ogun Ukraine. Bí ẹ bá ti pè mí pé ó tán, ǹ bá dúró, tàbí kí n ní kí ẹ fi poplar gé èyí tí kò ru ẹrù, kí n wá birch fún ìyókù. Ẹnì kan wà ní ṣọ́ọ̀bù yín tó mọ̀ pé ó tán, tó gbé òmíràn sábẹ́ lésà, tó sì kọ “birch” sórí rìsíìtì. Ẹni yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi.

Ẹ tún ní ohun tí a bá fi àwòrán oníbàárà gé kì í padà. Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ pé ọkàn mi ló yí padà. Ṣùgbọ́n òfin oníbàárà ti ọdún 2015 ní kí ọjà rí bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, yálà ẹ gé e fún mi tàbí ẹ mú un lórí ṣẹ́ẹ̀fù. Kò sì tíì pé oṣù mẹ́fà tí ẹ kó o wá. Ti pé èmi ni mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ara mi, gọ́ọ̀mù ò ya, sà. Pákó ló ya, gọ́ọ̀mù ṣì wà lára rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Kí ẹ dá £186 ti plywood padà, àti £54 ti balsa, £240 lápapọ̀. N kò bèèrè owó iṣẹ́ ọwọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni n kò bèèrè owó ọjọ́ tí mo lò ní Faransé. Kí ẹ tún gbogbo plywood náà gé ní birch láti inú àwòrán kan náà, kí ẹ sì fi àjákù pákó tí ẹ gé e nínú rẹ̀ sínú páálí, èyí tí etí rẹ̀ kò jó, kí n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀kẹta ló jẹ mí lógún jù: kí ẹ wo ìwé yín, gbogbo ẹni tó ra “birch” ní àsìkò tí birch ò sí ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ pè wọ́n. Àwọn kan lára wọn á ti lẹ pákó yẹn mọ́ inú apá bàlúù, wọ́n á ti bò ó, wọn kò sì ní rí i mọ́. Kì í ṣe gbogbo pápá ni oko báálì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo fún yín ní ọjọ́ 14. Fọ́tò mẹ́rin wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Àwo pákó náà fúnra rẹ̀ wà nínú nylon nínú dúrọ́ọ̀ mi. Bí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ yà wá sílé lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ò ní fi í ránṣẹ́.

Èmi ni,
oníbàárà yín, tó ń kan Horsa