Itan ni kí a tọ́jú bí orúnkún bá ń dùn wá

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa láyè díẹ̀ kí a bá àwọn ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó sọ̀rọ̀ lórí orúnkún dídùn, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní làkúrègbé tàbí aromọléegun. Iṣẹ́ fisiotẹ́rápì là ń ṣe, ìyẹn fífi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé. Ìmọ̀ràn kan tí àwọn ọmọ àti ará ilé máa ń fún ìyá tàbí bàbá tí orúnkún rẹ̀ ń dùn ló mú wa kọ̀wé: "Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ má rìn mọ́." Ìfẹ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n òun gan-an ló ń sọ ẹni tó kàn ń tiro di ẹni tí kò lè dìde láìjẹ́ pé wọ́n fà á.

Ohun kan tó ń dán, tó sì ń yọ̀, ló bo orí àwọn eegun níbi tí wọ́n ti pàdé nínú orúnkún. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn wọ inú rẹ̀. Omi inú oríkèé ló ń bọ́ ọ nígbà tí ìrìn bá ń tẹ̀ ẹ́ tó sì ń tú u sílẹ̀, bí kànrìnkàn ṣe ń fa omi mu. Bí a bá jókòó sójú kan, oúnjẹ yẹn kò ní dé ibẹ̀ dáadáa. Èyí tó tún burú jù ni ti iṣan iwájú itan. Òun ló ń bá orúnkún gbé ìwúwo ara, ìrora kì í sì í pẹ́ kó tó mú un rù. Bí ó bá ti rù, orúnkún á máa yẹ̀, ìrora á pọ̀ sí i, onítọ̀hún á tún jókòó pẹ́ sí i. Nítorí náà, itan ni iṣẹ́ wà.

Orí bẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ na ẹsẹ̀, ẹ ká tówẹ̀lì sábẹ́ orúnkún tó ń dùn, kí ẹ fi ẹ̀yìn orúnkún tẹ tówẹ̀lì náà mọ́lẹ̀, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ máa wo òkè. Ẹ mú un bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ ṣe é ní ìgbà 10. Ẹ gbé ọwọ́ lé itan: bó bá le bí ẹ ṣe ń tẹ̀, ẹ ń ṣe é bó ṣe yẹ. Bó bá jẹ́ ìdí ló ń gbéra nílẹ̀, ẹ kò tíì mú iṣan tó yẹ ṣiṣẹ́. Ẹ máa ka ení, èjì, ẹ̀ta jáde lẹ́nu, torí ẹni tó ń kà kò lè sé èémí, sísé èémí sì máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè.

Lẹ́yìn náà, ẹ ká ẹsẹ̀ tó dára sókè kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ na èyí tó ń dùn gbọnrangandan, kí ẹ gbé e sókè níwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 30, ìyẹn gígùn rúlà ọmọ iléèwé. Ìgbà 10 náà ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ju ẹsẹ̀ sókè fìrì, wọ́n á sì jẹ́ kó já bọ́. Jíjù yẹn kò fún iṣan níṣẹ́ kankan. Bí ẹ ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni agbára ń wọlé.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tiwa ni dídìde lórí àga. Ẹ gbé àga ti ògiri kó má baà yọ̀, pàápàá àga oníke. Bí ó bá rẹlẹ̀, ẹ fi tìmùtìmù lé e. Ẹ jókòó sí etí rẹ̀, ẹ fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ẹ tẹ orí àti àyà síwájú títí imú yóò fi ré kọjá ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí ẹ wá dìde. Bí ẹ bá ń padà jókòó, ẹ ka 3 kí ìdí tó kan àga. Ìgbà 8 sí 10, ẹ sinmi ìṣẹ́jú 1, kí ẹ tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ máa wo orúnkún bí ẹ ṣe ń dìde: bí méjèèjì bá ń wọ́ súnmọ́ ara wọn, ìbàdí ò lágbára nìyẹn. Ẹ fi ọwọ́ di tábìlì mú lórí ìdúró, kí ẹ máa gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ sí ẹ̀gbẹ́ ní ìgbà 10, láìfi ara yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Títẹ tówẹ̀lì lè jẹ́ ojoojúmọ́. Ìyókù, ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀ tó, kí ọjọ́ ìsinmi wà láàárín. Bí ìgbà 10 bá ti rọrùn, ẹ yọ tìmùtìmù kúrò lórí àga, kí ẹ sì bu iyanrìn ìdajì kílò sínú ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gbé e sókè.

Yóò dùn yín díẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń sá. Bí a bá pe àìsí ìrora ní 0, tí a pe èyí tó le jù lọ ní 10, ìrora tí kò ju 4 tàbí 5 lọ nígbà eré ìdárayá kò burú, bó bá ti rọlẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Bí kò bá rọlẹ̀ tàbí tí orúnkún wú, ẹ dín iye ìgbà kù sí ìdajì, ẹ má ṣe pa á tì. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 ni agbára tó ṣeé rí fi ń dé. Ẹni tó dáwọ́ dúró ní ọ̀sẹ̀ kejì kò tíì dán an wò rárá.

Àwọn ìyá wa tó ń tajà ní Ọjà Ọba, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọwọ́ lọ́rọ̀ àpótí kúkúrú. Orúnkún tó bá ga ju ìdí lọ lórí ìjókòó ni oríkèé ń jìyà jù. Ẹ wá ìjókòó tó ga, kí ẹ sì dìde rìn díẹ̀ ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bákan náà ni fún àwọn tó ń jókòó ti òkìtì kòkó láti là á lóko. Ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ tún wà ńbẹ̀. A mọ iyì rẹ̀ nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n à ń bẹ àwọn àgbà pé kí wọ́n gba ìkíni obìnrin tó kàn tẹ̀ ba díẹ̀, tó fi ọwọ́ ti àga, bí orúnkún rẹ̀ bá ń dùn ún. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó tó fún àdúrà, ẹ̀sìn Ìsìláàmù náà sì fàyè gba aláìsàn láti kírun lórí àga.

Ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń dùn ni kí ẹ fi di ọ̀pá mú. Ọ̀pọ̀ ló ń fi sí ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn gan-an. Lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó dára ni kó ṣáájú bí ẹ bá ń gòkè, èyí tó ń dùn ni kó ṣáájú bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀. Ìwúwo ara náà ń kópa: kílò 1 tí a bá dín kù lára máa ń gbé nǹkan bíi kílò 4 kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. A ò ní kí ará Oǹdó má jẹ iyán. Ẹ kàn dín òkèlè kù, kí ẹ fi ẹ̀fọ́ kún un.

Ọ̀rọ̀ oògùn ń bà wá nínú jẹ́. Diclofenac àti piroxicam, àwọn oògùn ìrora tí ènìyàn ń rà lójoojúmọ́ láìrí dókítà lè dá egbò sí ikùn, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Abẹ́rẹ́ tí steroid (oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀) wà nínú rẹ̀, bí a bá ń gbà á léraléra, máa ń mú eegun rọ, ó sì ń gbé ṣúgà sókè. Tówẹ̀lì tí a rì sínú omi gbígbóná tí a fún, tí a gbé lé orúnkún fún ìṣẹ́jú 15, lè dẹ ìrora kí eré ìdárayá tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ìpara Aboniki pa á kí ẹ tó gbé tówẹ̀lì náà lé e, ó lè bó awọ ara.

Orúnkún tó ṣàdédé wú, tó pọ́n, tó gbóná, tí ibà sì bá a dé, kì í ṣe ti eré ìdárayá. Ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó há tí kò ṣeé nà mọ́, tàbí tí kò ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìṣubú. Bí ọ̀dọ́ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell) bá sì ń sọ pé orúnkún ń dun òun, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ìgbáròkó rẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni ìrora náà ti lè máa wá.

Ẹ̀ka fisiotẹ́rápì wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá ìpínlẹ̀ wa. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ wọ ṣòkòtò péńpé tàbí yẹ̀rì tó ṣeé ká sókè, ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, títí kan àgbo, ẹ mú fọ́tò X-ray bí ẹ bá ti yà á, kí ẹ sì wọ bàtà tí ẹ ń wọ̀ lójoojúmọ́ lọ, torí a máa ń yẹ òun náà wò.

Àwa ni tiyín,
Àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì,
Àkúrẹ́, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.