Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Tíkẹ́ẹ̀tì Nìkan Kọ́ Ni Láísẹ́ǹsì Ọtí

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, àwọn ìyá ìjọ ti bá mi sọ̀rọ̀ nípa ìsọ̀ paraga tó ń pọ̀ sí i láàárín gáréèjì àti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí agogo ilé ìwé tó lù, awakọ̀ àti ọlọ́kadà mìíràn ti gbé ife kejì mì. Wọ́n ní kí n wàásù lé e lórí. Mo ti wàásù rẹ̀. Òwe 20:1, tó ní ẹlẹ́yà ni ọtí wáìnì, kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó ku káńsù.

Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin (Fourth Schedule), ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ ló ń fúnni láṣẹ láti ta ọtí, òun náà ni yóò sì kó ọtí títà níjàánu. NAFDAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, lè sọ̀rọ̀ lórí ọtí inú ọ̀rá (gbogbo wa la gbọ́ bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fòfin dè é ní February 2024, tí wọ́n sì tún sún un síwájú). Ṣùgbọ́n ibi tí ìsọ̀ ọtí yóò wà, àkókò tí yóò ṣí, àti ẹni tí wọn kò gbọdọ̀ tà á fún, káńsù ló yẹ kó là á sílẹ̀. Ohun tí à ń rí ni agbowó tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì kan náà fún oníbọ́ọ̀lì àti ọlọ́tí, tó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ó ti pẹ́ tó ti ń rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Herbert Tugwell, bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà, ń pariwo lórí jíìnì tí àwọn òyìnbó ń kó wọlé, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ ní 1909 láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ìgbìmọ̀ ní ewu rẹ̀ kò tó báyẹn. Bẹ́ẹ̀, owó bodè orí ọtí wà lára owó tó ń wọlé jù fún ìjọba ọ̀hún! Ẹni tó ń jẹ nídìí ọtí, ojú rẹ̀ kì í tètè rí ọ̀mùtí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ń tà á. Kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Opó tó ń fi owó paraga rán ọmọ nílé ìwé kì í ṣe ọ̀tá wa. Síbẹ̀ mo gbọ́dọ̀ ka Hábákúkù 2:15 sí i létí, tó ní ègbé ni fún ẹni tó ń fún aládùúgbò rẹ̀ ní ọtí mu, pàápàá bí oníbàárà rẹ̀ bá ń lọ wa ọkọ̀. Ó lè dá mi lóhùn pé, “Bàbá, bí mi ò bá tà á fún un, ìsọ̀ kejì á tà á.” Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí òfin náà mú gbogbo ìsọ̀ pọ̀, kí ẹni tó fẹ́ kọ̀ má baà pàdánù ọjà rẹ̀ fún aládùúgbò.

A ti kọ lẹ́tà sí alága káńsù: kí ìsọ̀ ọtí jìnnà sí ilé ìwé, kí wọ́n má ṣe tà á ní gáréèjì láàárọ̀, kí wọ́n má sì tà á fún ọmọdé rárá. Ìmáàmù àgbà náà ti fọwọ́ sí i. Lẹ́tà náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé ìjọ. Ẹ fọwọ́ sí i kí ẹ tó lọ sílé lónìí.