Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ gáàsì tó wà nínú éésì ọkọ̀ yín

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Bí éésì ọkọ̀ àtijọ́ kò bá tutù mọ́, ohun tí púpọ̀ nínú yín máa ń sọ fún wa ni pé kí a ṣáà bu gáàsì kún un. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ni a fẹ́ ṣàlàyé.

Gáàsì tí wọ́n ń pè ní R-12 ló wà nínú éésì àwọn ọkọ̀ ìgbà kan. Àdéhùn Montreal tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ọdún 1987 ló bẹ̀rẹ̀ sí í lé e kúrò nílẹ̀, nítorí pé ó ń ba ìpele ozone, tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó léwu, jẹ́, nígbà tó sì fi máa di nǹkan bí ọdún 1994, R-134a ti rọ́pò rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun. Àmọ́ ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ kò tó ẹ̀rí, torí ẹni tó lò ó ṣáájú yín lè ti pààrọ̀ gáàsì rẹ̀. A máa ń wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, a sì máa ń wo ẹnu tí gáàsì ń gbà wọlé: ti R-12 ní tẹ̀ẹ́dì tí a ń yí rọ́bà géèjì tó ń wọn ìfúnpá gáàsì mọ́, ti R-134a sì jẹ́ èyí tí a ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ títí yóò fi há. Ẹnu yìí náà lè tan ni jẹ, nítorí àwọn kan máa ń yí ẹnu tuntun mọ́ ti àtijọ́ láìfọwọ́ kan ohun mìíràn. Géèjì pàápàá kò lè là á, torí pé bí ọkọ̀ bá wà ní ìsinmi, ìfúnpá gáàsì méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìdí nìyí tí a fi ń lo ẹ̀rọ tó ń yẹ gáàsì wò, èyí tó tún ń jẹ́ kí a mọ̀ bí ẹnìkan bá ti po gáàsì tó lè gbiná mọ́ ọn.

Bí a bá fẹ́ fi R-134a rọ́pò R-12, ọ́ìlì ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù lọ. Ọ́ìlì tó ń bá R-12 ṣiṣẹ́ kì í pò mọ́ R-134a, nítorí náà kì í padà sínú kọ̀m̀pírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì pọ̀, bó ṣe yẹ, kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ tí kò bá sì rí ọ́ìlì yóò nọ́ọ̀kì. A óò fa gáàsì àtijọ́ sínú sílíńdà tirẹ̀, a kò ní tú u sí afẹ́fẹ́. A óò ro ọ́ìlì dànù, a óò pààrọ̀ drier, ìyẹn ohun tó ń fa omi inú gáàsì mu, àti àwọn òrùka rọ́bà ojú ìsopọ̀, a óò sì fi ọ́ìlì ester, èyí tó ń pò mọ́ R-134a, sí i, nítorí pé òun kì í bá ìyókù ọ́ìlì àtijọ́ jà. Lẹ́yìn tí a bá ti fa afẹ́fẹ́ àti omi inú rẹ̀ tán ni a óò wá wọn R-134a sí i, nǹkan bí ìdá 80 sí 85 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n R-12 tí wọ́n kọ sára ọkọ̀. Bí a bá kún un dé ìwọ̀n àtijọ́, ìfúnpá yóò ga jù, òtútù rẹ̀ yóò sì dínkù.

Bí R-12 bá ṣì wà nínú ọkọ̀ yín, tí kò jò, tó sì ń tutù dáadáa, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì pààrọ̀ rẹ̀ lè rí i pé òtútù rẹ̀ dínkù díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, nítorí R-12 ni wọ́n wò ṣe kọ̀ǹdẹ́ńsà rẹ̀, ìyẹn ibi tí gáàsì ti ń tú ooru sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń gbé ọkọ̀ bọ̀, ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ mọ̀ pé wọ́n ti rọ sínú éésì náà fún wa, pàápàá oògùn tí wọ́n fi ń dí ojú ibi tó ń jò, nítorí ó lè ba ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò jẹ́.

Àwa tiyín ní tòótọ́,
Àwọn atún-éésì-ọkọ̀-ṣe yín