Nọ́ńbà Kan Ṣoṣo Kò Tó Láti Sọ Ìtàn Orílẹ̀-èdè

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka àlàyé tí ẹ ṣe lórí bí àwọn ará Jàpáànù ṣe ń darúgbó, mo kà á dé ìparí, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti òkè. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ dúró lé: nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí wọ́n kà nínú ìkànìyàn ọdún 2020, ó lé ní 28 tó ti pé ẹni ọdún 65 tàbí tó ti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni nọ́ńbà náà. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé ibẹ̀ lẹ dúró sí, torí pé ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ 47 ló wà ní Jàpáànù. Ní Akita, tó wà lápá àríwá erékùṣù Honshu, àwọn àgbà tí mò ń wí yìí lé ní 37 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Okinawa, àwọn erékùṣù tó wà ní gúúsù pátápátá, wọn ò pé 23. Orílẹ̀-èdè kan náà ni, ìjọba kan náà, owó kan náà. Àmọ́ ẹni tó bá fi 28 yẹn ṣètò ilé ìwòsàn fún Akita, ibùsùn ò ní tó; ẹni tó bá sì fi ṣètò fún Okinawa, kíláàsì àwọn ọmọdé ni kò ní tó.

Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí. Mo mú ìwé ìròyìn yín lọ sí kíláàsì, mo sì ní kí àwọn ọmọ ya àwòrán ọjọ́ orí fún ìpínlẹ̀ méjèèjì. Bí a ṣe ń yà á ni pé a ó fa ìlà kan lóòró sí àárín ìwé, ọkùnrin lọ́wọ́ òsì, obìnrin lọ́wọ́ ọ̀tún. Àwọn ọmọ ọwọ́ ló máa wà nísàlẹ̀ pátápátá, àwọn tó dàgbà jù wọ́n lọ lórí wọn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó lókè. Bí ènìyàn bá ṣe pọ̀ tó ní ọjọ́ orí kan ni ọ̀pá tí a kùn fún wọn ṣe máa gùn tó. Nígbà tí wọ́n kun ti Akita tán, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, òkè rẹ̀ fẹ̀, ó dà bí ẹni tó ru ẹrù tó ju ọrùn rẹ̀ lọ. Ibi tó yẹ kí àwọn ẹni ogún ọdún sí ọgbọ̀n ọdún wà ti jẹ wọnú bí aṣọ tí eku jẹ. Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú tẹjú mọ́ ọn títí, ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló máa ń gbé àwọn àgbà wọ̀nyí lọ sí ọsibítù?"

Kíláàsì dákẹ́. Èmi náà dákẹ́. Ìpíndọ́gba gbogbo orílẹ̀-èdè, irú 28 yẹn, ò lè bí irú ìbéèrè yẹn láéláé, torí pé nínú ìpíndọ́gba, ọ̀dọ́ tó wà ní Tokyo ń bá àgbà tó wà ní Akita dọ́gba lórí ìwé, bẹ́ẹ̀ kò sí nítòsí láti gbé e.

Kí ẹ sì wo Tokyo fúnra rẹ̀. Láàárín ọdún 2015 sí 2020, iye ènìyàn Akita fi ohun tó lé ní 6 nínú ọgọ́rùn-ún dín. Ti Tokyo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi 4 pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ Tokyo ni wọ́n ti ń bímọ kéré jù ní gbogbo Jàpáànù. Lọ́dún 2023, ìṣirò ọmọ tí obìnrin kan níbẹ̀ máa bí láyé rẹ̀ kò pé ẹyọ kan, 0.99 ni, nígbà tí ti Okinawa, tó ga jù, jẹ́ 1.60. Ẹni tó bá wo ọmọ bíbí nìkan á ní Tokyo ń run lọ. Ẹni tó bá wo iye ènìyàn nìkan á ní ó ń gbèrú. Ìgbà tí a bá kó nọ́ńbà méjèèjì sójú kan, tí a tún wo ti Akita mọ́ ọn, la máa tó rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀: ọmọ tí ìgbèríko bí, tó tọ́, tó rán nílé ìwé, òun ni ìlú ńlá fi ń kún. Ìnáwó wà lọ́dọ̀ ẹnì kan, èrè wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Èyí kan owó orí, ó kan ilé ìwé, ó kan ẹni tó yẹ kó ran ẹnì kejì lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ikú náà rí bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, bí a bá kàn ka òkú, tí a pín in fún iye ènìyàn, Florida á dà bí ibi tí ikú pọ̀ sí ju Alaska lọ. Kì í ṣe pé afẹ́fẹ́ Florida ń pani o. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ló ń kó lọ síbẹ̀ láti lọ sinmi, Alaska sì kún fún àwọn tó ṣì wà lọ́mọdé lára. Àfi ká kọ́kọ́ ṣàtúnṣe fún ọjọ́ orí, ìyẹn ni pé ká fi ọmọdé wé ọmọdé, ká fi àgbà wé àgbà, kí a tó fi ibì kan wé ibì kejì.

Ibi tó máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà jù ni ọ̀rọ̀ owó. Eurostat, tó ń bá Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ìṣirò, máa ń ka iye ọjà àti iṣẹ́ tí agbègbè kọ̀ọ̀kan pèsè lọ́dún, á pín in fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀, á ṣàtúnṣe fún bí ọjà ṣe wọ́n tó ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, á wá fi 100 ṣe ìpíndọ́gba gbogbo àjọ náà. Lọ́dún 2016, nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà nínú àjọ, apá ìwọ̀-oòrùn àárín ìlú Lọ́ńdọ̀nù gba 611. Severozapaden, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Bùlgáríà, gba 29. Ìlọ́po 21 nìyẹn.

Ṣé gbogbo ẹni tó ń sùn láàárín Lọ́ńdọ̀nù wá fi ìlọ́po 21 lówó ju ará Severozapaden lọ ni? Rárá. Ẹ fojú inú wo obìnrin kan tó wọ ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀ láti agbègbè tó yí ìlú náà ká. Ó ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan láàárín ìlú títí di ìrọ̀lẹ́, ó sì wọ ọkọ̀ padà sílé. Ibi tí ọ́fíìsì wà ni wọ́n ka iṣẹ́ rẹ̀ sí. Ibi tó ń sùn ni wọ́n ka òun fúnra rẹ̀ sí. Báyìí, ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ àìmọye bíi tirẹ̀ ń bu iṣẹ́ wọn kún ti àárín ìlú, wọn ò sì sí nínú iye tí wọ́n fi pín in. Agbègbè tí wọ́n ń gbé á wá dà bí ibi tí kò sí iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ owó oṣù ń wọlé síbẹ̀. Bí a bá fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe rọ́wọ́ họrí tó, iye tó ń wọ inú ilé kọ̀ọ̀kan ló yẹ ká béèrè. Èyí ò ní kí ìyà Severozapaden má jẹ́ òtítọ́. Wọ́n tálákà níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì ń kó kúrò. Ohun tí mò ń sọ ni pé iye tí agbègbè kan pèsè àti iye tó ń wọlé fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà.

Ààlà náà lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú àjọ Yúróòpù kan náà, agbègbè tí kò bá pé 75 lórí òṣùwọ̀n yẹn ló ń gba ìrànwọ́ tó pọ̀ jù. Nígbà kan, Warsaw, olú ìlú Pólàńdì, wà nínú agbègbè kan pẹ̀lú àwọn ìlú kéékèèké àti oko tó yí i ká, ọrọ̀ olú ìlú sì ń gbé gbogbo wọn sókè lórí ìwé. Nígbà tí wọ́n tún ààlà ìṣirò yà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2018, Pólàńdì ya Warsaw àti àdúgbò rẹ̀ sọ́tọ̀. Họ́ńgárì náà ya Budapest, olú ìlú rẹ̀, kúrò lára Pest, agbègbè tó yí i ká. Ẹnikẹ́ni ò kó ilé. Owó oṣù ẹnikẹ́ni ò lé, kò dín. Ìlà kan ṣoṣo ló kúrò níbi tó wà, àwọn tí wọ́n ti ń pè ní ọlọ́rọ̀ sì di ẹni tí gbogbo ayé rí pé wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́. Ó yẹ kí ẹni tó ń kọ ìròyìn máa béèrè ibi tí ìlà gbà kó tó sọ pé agbègbè báyìí ló lówó.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní títẹ irú nǹkan wọ̀nyí jáde á dá ìyapa sílẹ̀, pé á mú kí apá kan máa fojú tẹ́ńbẹ́lú apá kejì. Mi ò fọwọ́ rọ́ ẹ̀rù yẹn sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo Jámánì. Ìlà oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn di ọ̀kan lọ́dún 1990, síbẹ̀ àwọn oníṣirò wọn ṣì ń ka ẹkùn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi rí i pé ọmọ bíbí já wálẹ̀ ní ìlà oòrùn títí ó fi di nǹkan bíi 0.77 fún obìnrin kan lọ́dún 1994. Ìpíndọ́gba gbogbo orílẹ̀-èdè lọ́dún náà jẹ́ bíi 1.2, èyí tí kò ní dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Iléeṣẹ́ ń kógbá sílé, iṣẹ́ ń bọ́, àwọn obìnrin ń sún ọmọ bíbí síwájú, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́bìnrin sì ń kó lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò nílò ìwé ìṣirò kí wọ́n tó mọ̀. Àwọn tó jìnnà, tí ètò ìnáwó wà lọ́wọ́ wọn, ló nílò rẹ̀.

Ohun tó lè dá ìyapa sílẹ̀ ni kí a gbé nọ́ńbà agbègbè lé ènìyàn kọ̀ọ̀kan lórí. Lọ́dún 1950, William Robinson, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, fi ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti ọdún 1930 fi hàn wá. Àwọn ìpínlẹ̀ tí àjèjì pọ̀ sí ni àwọn tó mọ̀wé ti pọ̀ jù. Ẹni tó bá yára sọ̀rọ̀ á ní àwọn àjèjì ló mọ̀wé ju onílé lọ. Nígbà tó wá wo wọn lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, òdìkejì ló rí: ibi tí àwọn onílé ti kàwé dáadáa ni àwọn àjèjì ń lọ tẹ̀dó sí. Nítorí náà, kí ẹ tẹ nọ́ńbà ẹkùn jáde, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í bú ọmọ ẹkùn náà.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀, Olóòtú. Bí ẹ bá tún máa fi nọ́ńbà kan ṣojú orílẹ̀-èdè kan, ẹ fi ibi tó ga jù àti ibi tó relẹ̀ jù tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ kọ ọdún rẹ̀, ẹ sì sọ fún wa ẹni tí wọ́n pín in fún. Ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni yóò gbà. Bí ẹ bá sì tún kọ nípa Jàpáànù, ẹ jẹ́ kí Akita wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin iwájú yẹn ṣì ń dúró de ìdáhùn, mo sì ti ṣèlérí fún un pé n óò máa mú ìwé ìròyìn yín wá sí kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín tòótọ́,
Olùkọ́ Jọ́gíráfì