Olórin Tó Ríran Jìnnà

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè láti dá sí ọ̀rọ̀ àwọn olórin tí a máa ń sọ pé wọ́n ríran jìnnà, nígbà tó jẹ́ pé òkìkí wọn nìkan la rí.

Olóògbé Haruna Ishola, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú orin àpàlà, kò wá gìtá kún orin rẹ̀. Agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù ni, orí ìjókòó ló sì ti máa ń kọ ọ́. Ẹni tó bá wò ó bẹ́ẹ̀ lè pè é ní ará àtijọ́. Síbẹ̀, òun àti I.K. Dairo, olórin jùjú, ló dá ilé iṣẹ́ àwo orin Star Records sílẹ̀ ní 1969, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn ṣì ń kọrin fún ilé iṣẹ́ òyìnbó. Nígbà tó sì di 1979, ó dá Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀ tí wọ́n sì ń tẹ àwo. (Bàbá mi ní àwo rẹ̀ kan tó ti ha débi pé abẹ́rẹ́ máa ń fò lójú kan náà, tí àwa ọmọ sì há fífò yẹn sórí mọ́ orin.)

N kò bẹnu àtẹ́ lu àwọn ọ̀dọ́, nítorí pé àwọn kan nínú wọn náà ti ní ilé iṣẹ́ tiwọn. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí àwọn akọ̀ròyìn yín máa bi olórin léèrè ẹni tó ni orin rẹ̀, kí wọ́n tó bi í ní iye ọkọ̀ tó rà.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìjẹ̀bú-Òde.