Sípọ́ílà Kì í Ṣe Ọ̀ṣọ́ Lásán

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Pánẹ́ẹ̀bítà ni mí ní agbègbè Mọ́nátàn, nílùú Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ bá àwọn òǹkàwé yín sọ dá lórí ìyẹ́ gíga tí àwọn ọ̀dọ́ ń dè mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, èyí tí a ń pè ní sípọ́ílà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan gbé Honda Civic rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ti gé sípíríìnì rẹ̀ kí ọkọ̀ náà lè sún mọ́ ilẹ̀, ó sì sọ fún mi pé òun ti fi sá eré 180 lójú ọ̀nà Èkó lóru, bẹ́ẹ̀ òfin kò gba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láyè ju 100 lọ lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ó ní kí n fi sìkúrù mẹ́rin de sípọ́ílà tó gbé dání mọ́ ìdérí bútù. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ìdérí náà, ó tẹ̀ wọnú. Mo ní n kò ní í dè é. Inú bí i, ṣùgbọ́n ó fi sípọ́ílà náà sílẹ̀ pé kí n lọ rò ó wò.

Mo ti rò ó. Ẹni tó bá dàgbà sí Ìbàdàn mọ ohun tí ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò máa ń fi páànù ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé abẹ́ nìkan ni afẹ́fẹ́ ń gbà ṣí òrùlé, ṣùgbọ́n èyí tó ń sáré kọjá lókè rẹ̀ náà ń fà á, nítorí pé bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń yára tó lórí ohun tó rí bí ẹ̀yìn ahun, bẹ́ẹ̀ ni agbára tó fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ń dín kù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ara ọkọ̀ rí. Bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, agbára afẹ́fẹ́ náà di ìlọ́po mẹ́rin.

Iṣẹ́ sípọ́ílà ni láti tẹ ọkọ̀ padà mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Civic yìí, ẹsẹ̀ iwájú ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń yí, òun náà ni sítíárìn ń darí. Ìyẹ́ tó yọ sẹ́yìn ju ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ yóò máa gbé iwájú sókè, bí ìgbà tí wọ́n bá di ẹrù jù sẹ́yìn ọ̀kadà.

Ní Spain, lọ́dún 1969, ìyẹ́ gíga ọkọ̀ Lotus méjì, èyí tí àwọn awakọ̀ eré ìje Graham Hill àti Jochen Rindt ń wà, dá nínú ìdíje Formula 1 kan náà, ọkọ̀ méjèèjì sì lọ forí sọ irin ẹ̀bá ọ̀nà. Àwọn ẹnjiníà tó mọ iṣẹ́ wọn dunjú ló ṣe ìyẹ́ yẹn. Ní Le Mans, níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ díje ní ilẹ̀ Faransé, lọ́dún 1999, ọkọ̀ eré ìje Mercedes-Benz CLR fò kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí tí Peter Dumbreck ń wà fò kọjá ọgbà, ó já sáàárín igi. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

N kò kórìíra eré. Inú mi dùn lọ́dún 2019 nígbà tí awakọ̀ kan, Andy Wallace, fi Bugatti Chiron sáré ju 490 kìlómítà ní wákàtí kan lọ ní Ehra-Lessien, ní Jámánì. Ọ̀nà àdáni tí ẹnikẹ́ni kì í ṣèèṣì bọ́ sí ni, ìdí ọkọ̀ náà ni wọ́n fà gùn dípò kí wọ́n gbé ìyẹ́ gíga lé e, wọ́n sì ya fọ́tò inú táyà rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ya egungun ní ọsibítù kí wọ́n tó fi sẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Táyà Civic tí mo bẹ̀rẹ̀ wò ńkọ́? Tòkunbọ̀ ni. Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ni 2314, èyí ni pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Lẹ́tà eré rẹ̀ ni T: kò gbọdọ̀ kọjá 190, nígbà tó ṣì wà ní tuntun.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ yìí ni mò ń bẹ̀ jù. Ọmọ náà kò mọ̀; àwa tí a ń gba owó ọwọ́ rẹ̀ ló yẹ kí a mọ̀. Ẹ má ṣe de ohun tí ẹ kò lè jẹ́rìí sí, kódà bí oníbàárà bá ní òun yóò lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Sípọ́ílà rẹ̀ ṣì wà lára ògiri mi. Bí ó bá wá mú un, nọ́ńbà àti lẹ́tà ara táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a óò kọ́kọ́ jọ kà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Pánẹ́ẹ̀bítà kan, Mọ́nátàn, Ìbàdàn.