Òkú kòkòrò ni mò ń kà

London,
Ọjọ́ 9, oṣù kọkànlá.

Àṣàkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Òtútù ti dé síbí, ṣùgbọ́n ara mi le.

O bi mí ohun tí mò ń ṣe gan-an ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Má rẹ́rìn-ín o: òkú kòkòrò ni mò ń kà, ní Natural History Museum ní South Kensington. Èyí tí wọ́n kó jọ síbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 30, taláǹtakùn-taláǹtakùn. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi gún wọn mọ́ àpótí onígíláàsì. Àwọn kan ti lo 200 ọdún ó lé. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ìwé kékeré wà: ibi tí wọ́n ti mú un, ọjọ́ tí wọ́n mú un, orúkọ ẹni tó mú un. Èmi ló ń kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ìkọ̀wé àwọn ará àtijọ́ ń fọ́ mi lójú! Kòkòrò mìíràn sì tún wà tí oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ òkú kòkòrò, ìdí nìyẹn tí ẹrù tuntun fi ń kọ́kọ́ wọ fíríìsà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí “Ibadan” lórí ìwé kan, mo sì rántí ìtàn Bàbá, nígbà tí orí ẹ̀gẹ́ ká kò, tí wọn ò rí igi gbìn. Kòkòrò funfun kan ló ṣe é, láti Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, kò sì sí ohun tó ń pa á ní ilẹ̀ wa. Wọ́n lọ wá ọ̀tá rẹ̀ lọ sí ilé rẹ̀. Àwọn ọ̀tá tí wọ́n kọ́kọ́ rí níbẹ̀, kòkòrò tiwa ò bá wọn lára mu. Ìgbà tí àwọn onímọ̀ ní London fi maikirosíkóòpù wo kòkòrò funfun náà ni wọ́n rí i pé ẹ̀yà méjì ni, tí wọ́n jọra bíi Táyé àti Kẹ́hìndé. Èyí tọ̀hún ní akọ. Tiwa, abo ni gbogbo wọn, wọ́n ń bímọ láìwá ọkọ. (Mo mọ̀ pé ibẹ̀ máa dùn mọ́ ọ.) Ní 1981 ni wọ́n rí tiwa gan-an ní Paraguay, pẹ̀lú agbọ́n tíńtín kan tó ń yé ẹyin sí i lára, tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ ẹ́ láti inú. Ọdún náà ni wọ́n tú agbọ́n ọ̀hún sílẹ̀ n'Íbàdàn, ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀.

Jọ̀ọ́, bi Bàbá ọdún tí ẹ̀gẹ́ wọn padà rúwé. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń bọ̀, gààrí Ìjẹ̀bú o.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Fọlákẹ́